Ibi tí ẹrẹ̀ yóò sùn: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ gbẹ́ odò tàbí adágún ní ilẹ̀ Okun

Kí katapílà tó dé etí odò, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ìgbìmọ̀ ìlú bi agbaṣẹ́ṣe kí wọ́n tó dúnàádúrà owó rárá: níbo ni ẹrẹ̀ tí ẹ bá kó yóò sùn? Bí kò bá lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibẹ̀, kí ó sọ bí yóò ṣe gbé e débẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, iṣẹ́ náà kò tíì tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí pé níbi púpọ̀ tí mo ti rí i tí irú iṣẹ́ yìí bàjẹ́, kì í ṣe inú omi ló ti bàjẹ́, orí ilẹ̀ ni. Ní abúlé kan ní Yàgbà, ní ilẹ̀ Okun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí, wọ́n kó ẹrẹ̀ inú odò kékeré kan tí àwọn ìyá wa ti ń pọnmi, wọ́n kó o jọ sí bèbè méjèèjì bí ẹni kọ ebè iṣu, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́ fún wọn nínú ọyẹ́. Nígbà tí òjò mẹ́ta rọ̀, ẹrẹ̀ náà ti padà sílé, ó sì ti kó iyẹ̀pẹ̀ bèbè mọ́ra, débi pé inú odò kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àwọn àgbẹ̀ àkùrọ̀, àwọn tó ní adágún ẹja àti àwọn tó ń kó yanrìn ní odò Ọ̀yì, ní odò Kámpè àti ní àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú wọn ni mo ní lọ́kàn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kan odò Ọya gan-an, ní Lọ́kọ́ja tàbí ní ìhà Ọ̀wọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997 láti máa bójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀, tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Lọ́kọ́ja níbẹ̀. Láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ sínú odò yẹn.

Ṣé gbígbẹ́ ni oògùn rẹ̀?

Odò kì í ṣẹ̀dá ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀. Oko tí wọ́n kọ ebè rẹ̀ sísàlẹ̀ láti orí òkè, gọ́tà títì tó tú omi sínú igbó, igbó tí iná jó mọ́lẹ̀ ní gbogbo ọdún, kòtò àwọn awakùsà: ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ti ń wá. Ẹ rìn gòkè odò lẹ́yìn òjò ńlá kan, kí ẹ wo ibi tí omi pupa ti ń wọlé. Bí ẹ bá rí ẹnu ibẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ lè dí pẹ̀lú òkúta, koríko fẹ́tífà, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, àti ebè tó dábùú òkè, ẹ kọ́kọ́ dí i, nítorí bí ẹ bá gbẹ́ odò láìdí i, ọdún méjì sí mẹ́ta ni ẹ óò tún máa dá owó katapílà jọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní Lọ́kọ́ja láti ìgbà ìkún omi ọdún 2012, tí wọ́n sì tún tẹnu mọ́ lẹ́yìn ti 2022, pé bí wọ́n bá sáà gbẹ́ odò Ọya jìn sí i, omi kò ní wọlé mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Yar'Adua ṣí iṣẹ́ gbígbẹ́ ìsàlẹ̀ odò náà ní Lọ́kọ́ja, láti Wàrrì dé Bàrò, ìrìn kìlómítà 572, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ yẹn wà fún, kì í ṣe ìdènà ìkún omi. Ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ lè gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò lè gbé omi Ọya àti Bẹ́núé nígbà tí àwọn méjèèjì bá kún pa pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yanrìn ìsàlẹ̀ odò ńlá a máa sún láti ọdún dé ọdún, á sì dí ibi tí wọ́n gbẹ́. Odò kékeré yàtọ̀ díẹ̀, pàápàá níbi afárá tí ẹrẹ̀ ti dí ojú ihò rẹ̀. Síbẹ̀, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá: omi mímu ni, omi ẹja ni, ọ̀nà omi lábẹ́ afárá ni, tàbí yanrìn fún títà? Èsì yẹn ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe gbẹ́ tó.

Kí ẹ mọ bí ẹrẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ẹ wá ọ̀pá gígùn kan, kí ẹ fàlà sí i ní ìdá mẹ́wàá mẹ́wàá mítà kan. Ẹ jẹ́ kí ó kan ojú ẹrẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tì í wọlé títí yóò fi kan ilẹ̀ líle, kí ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ẹrẹ̀ yín. Ẹ ṣe é ní ìgbésẹ̀ márùn-ún márùn-ún jákèjádò omi, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ẹ ti wọ̀n ọ́n, nítorí a óò tún padà síbẹ̀. Ká ní adágún yín gùn ní mítà 40, ó fẹ̀ ní mítà 25, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sì nípọn ní mítà kan: kúbíìkì mítà 1,000 nìyẹn nígbà tó ṣì sùn. Bí katapílà bá ti hú u, yóò wú, ó sì lè di 1,300. Bí tipa yín bá ń gbé kúbíìkì mítà 10 lẹ́ẹ̀kan, ìrìn àjò 130 ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìnípọn mítà kan, ilẹ̀ tí ẹ nílò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó púlọ́ọ̀tì méjì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ibi ìṣirò yìí ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti máa ń dákẹ́ lójijì, ó sì sàn kí wọ́n dákẹ́ níbẹ̀ ju kí wọ́n dákẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ti wà nínú omi.

Mọ irú ẹrẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó

Ẹ bu ẹrẹ̀ láti ibi márùn-ún ó kéré tán, lójú ẹrẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sínú ìgò funfun kan, kí ó kún ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, ẹ rọ omi kún un, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ sì máa wo aago. Yanrìn yóò ti balẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹrẹ̀ kíkúnná tí hóró rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.02 mílímítà máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùnlélógójì kí ó tó wálẹ̀ ní mítà kan nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́. Ojúlówó amọ̀, tí hóró rẹ̀ jẹ́ 0.002 mílímítà, lè lo ju ọjọ́ mẹ́ta lọ fún mítà kan náà. Nítorí náà, bí omi inú ìgò yín bá ti tòrò láàárín wákàtí kan, kòtò ìtòrò kékeré, ibi tí omi ẹrẹ̀ yóò ti dúró tòrò kó tó padà sódò, yóò tó yín. Bí ó bá sì di ọjọ́ kejì tí omi náà ṣì dà bí ògì, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ amọ̀ ni, pé kòtò yín ní láti fẹ̀, kí omi sì pẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹ fi imú àti ojú wò ó pẹ̀lú. Ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ti pẹ́ láìrí afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rú u lẹ́ẹ̀kan náà, yóò fa afẹ́fẹ́ inú omi gbẹ, ẹja yóò sì máa yọ ẹnu sókè láti mí. Èyí tí epo ń dán lójú rẹ̀, tàbí tó wà nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe tàbí tí wọ́n ti ń fọ àgbá oògùn apakòkòrò, kò yẹ kó dé oko ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ góòlù ni ó yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Ní ìhà Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, àwọn èèyàn ti ń wa góòlù láti ìgbà pípẹ́. Níbikíbi tí wọ́n bá ti fi mẹ́kúrì kó góòlù jọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò bá omi lọ, yóò sì sùn sínú ẹrẹ̀. Àwọn kòkòrò àìrídìmú inú ẹrẹ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ a máa sọ ọ́ di irú májèlé mìíràn tó ń wọ inú ẹja, tó sì ń gbá jọ sínú ẹni tó bá ń jẹ ẹja náà, aboyún àti ọmọ inú rẹ̀ sì ni ó ń ṣe jù. Mẹ́kúrì nìkan kọ́. Ní ọdún 2010 ní Zamfara, òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú àgbàlá ilé pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Nítorí náà, bí odò yín bá kọjá níbi tí wọ́n ti wa góòlù, ẹ gbé ẹrẹ̀ lọ sí láàbù kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan: kí wọ́n wo mẹ́kúrì, òjé, ásẹ́nìkì àti kádímíọ́mù. Ẹ béèrè ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Kàbà àti Lọ́kọ́ja. Bí wọn kò bá ṣe é, wọn yóò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ fi ike mímọ́ gbé ẹrẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wo òjé àti mẹ́kúrì inú rẹ̀, ẹ fi ìgò gbé èyí tí wọ́n fẹ́ wo epo inú rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti bù ú sí i lára, kí ẹ sì fi yìnyín tì í títí yóò fi débẹ̀. Bí èsì bá burú, tí ẹrẹ̀ náà sì sùn jìn, ìmọ̀ràn mi lè ya yín lẹ́nu: ẹ lè fi í sílẹ̀. Májèlé tó sùn sísàlẹ̀ lábẹ́ yanrìn mímọ́ sàn ju èyí tí a jí, tí ó wá bá omi lọ sí ìlú mẹ́ta nísàlẹ̀.

Ibi tí yóò sùn

Ẹ wá ilẹ̀ tí omi kì í dé nígbà òjò. Ẹ wo ara igi, ẹ ó rí ibi tí koríko àti ìdọ̀tí fà mọ́ nígbà tí odò kún. Ẹ bi àwọn bàbá àgbà léèrè pẹ̀lú. Kò gbọdọ̀ jẹ́ àkùrọ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irà, bó ti wù kó dà bíi pé ilẹ̀ lásán ni, torí irà yẹn gan-an ló ń sẹ́ omi fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò fẹ́ kí ó súnmọ́ etí odò ju ìgbésẹ̀ àádọ́ta lọ, mi ò sì fẹ́ kí ó wà lókè kànga ẹnikẹ́ni. Ẹ má kó ẹrẹ̀ yí ìdí igi ká, gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́, ìrókò tó ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá yín lè gbẹ lẹ́yìn ọdún kan. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ìdílé kan, ẹ kọ ìwé: ọdún mélòó ni ẹrẹ̀ yóò lò níbẹ̀, ta ni yóò sì ni ín nígbà tó bá gbẹ?

Lórí ilẹ̀ yẹn ni ẹ ó ti ṣe kòtò ìtòrò. Ẹ ro koríko àti gbòǹgbò kúrò níbi tí ògiri ilẹ̀ yóò dúró, nítorí omi máa ń gba abẹ́ koríko yọ́ jáde. Iyẹ̀pẹ̀ pupa tó ní amọ̀ nínú ni kí ẹ fi mọ ògiri náà, kí ẹ tẹ́ ẹ ní ìpele kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ sì máa tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé òmíràn lé e. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní láti fẹ̀ dáadáa: bó bá ga ní mítà kan, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan na ẹsẹ̀ ní mítà méjì. Kí orí ògiri fi ìdajì mítà ga ju ibi tí omi yóò dé lọ, nítorí òjò kì í kọ̀wé ránṣẹ́.

Bí katapílà ló ń hú ẹrẹ̀, kòtò kan lè tó. Bí ẹ̀rọ tó ń fi páìpù fa ẹrẹ̀ ni, omi ló pọ̀ jù nínú ohun tí yóò jáde. Iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, nítorí náà ẹ pín kòtò sí méjì. Èkíní fún yanrìn, tí ẹ ó máa kó lọ. Èkejì tó tóbi jù fún amọ̀. Ẹnu tí omi gbà wọlé àti ẹnu tí ó gbà jáde gbọdọ̀ jìnnà síra, kí omi má ba gba ọ̀nà kúkúrú sá jáde. Ẹnu àbájáde ni ẹ ó fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tò léra wọn, kí ẹ lè máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí omi bá ti tòrò, omi ojú nìkan ni yóò sì máa ṣàn lọ. Ẹ jẹ́ kí ó ṣàn gba orí òkúta, lẹ́yìn náà gba àárín koríko, kó tó dé odò. Ẹ lè gbọ́ pé kí ẹ da álọ́ọ̀mù sí i, bí a ti ń ṣe sí omi kànga. Inú kòtò nìkan ni ẹ ti lè dán an wò, ní ìwọ̀n díẹ̀, kì í ṣe nínú odò rárá, nítorí ó máa ń mú omi kan, ẹja kò sì fẹ́ ẹ.

Ẹ ṣe ọgbà yí kòtò náà ká. Ojú ẹrẹ̀ tó gbẹ lókè lè jẹ́ ẹ̀tàn, màálù tàbí ọmọ tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò rì. Bí omi bá sì dúró níbẹ̀ di ìgbà òjò, ẹ̀fọn yóò pamọ sí i, ìgbín tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri náà yóò sì rí ilé.

Inú omi

Àárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ni àsìkò tó dára jù fún odò kéékèèké wa. Ọ̀pọ̀ ẹja máa ń gòkè wá yé ẹyin nígbà tí òjò bá mú omi kún, ẹrẹ̀ tí ẹ bá rú nígbà náà yóò sì bo ẹyin wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn náà ní ìṣòro tirẹ̀: omi kéré, kò sí èyí tí yóò fọ ẹrẹ̀ lọ, àwọn ará ìsàlẹ̀ kò sì ní omi mìíràn. Nítorí náà, bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má gbẹ́ nínú omi rárá. Ẹ fi àpò yanrìn dí òkè ibi iṣẹ́, ẹ fi páìpù gbé omi odò kọjá sí ìsàlẹ̀, kí ẹ kó ẹja inú ibẹ̀ lọ sí omi tó mọ́, kí ẹ gbọ́n èyí tó kù sínú kòtò ìtòrò, lẹ́yìn náà kí katapílà wá ṣiṣẹ́ lórí gbígbẹ. Adágún pẹ̀lú bẹ́ẹ̀. Nínú adágún, ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ gbẹ́ kọjá ẹrẹ̀ dé amọ̀ líle ìsàlẹ̀, nítorí amọ̀ yẹn ló mú omi dúró; mo mọ adágún kan tí wọ́n gbẹ́ tó jìn dáadáa, tí kò sì gba omi dúró mọ́ láti ọjọ́ náà.

Níbi tí ẹ kò bá lè darí omi, wọ́n lè bá yín sọ̀rọ̀ aṣọ-ìdènà ẹrẹ̀ tí wọ́n ń ta sínú omi bí kọ́tìnì. Ẹ ju ewé sójú omi, kí ẹ kà á títí dé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ewé náà bá ti lọ ju mítà márùn-ún lọ, ẹ má fi owó yín ra aṣọ yẹn, omi yóò gbé e sókè, ẹrẹ̀ yóò sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ìhà kan bèbè ni kí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́, kí igi àti koríko ìhà kejì dúró. Ẹ má gbẹ́ kòtò jíjìn sójú kan nítorí yanrìn: omi òkè yóò máa já sínú rẹ̀, ilẹ̀ odò yóò máa ya lọ sókè títí yóò fi dé ẹsẹ̀ afárá, omi kànga àwọn tó wà nítòsí yóò sì sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó ń kó yanrìn lábẹ́ afárá ń kó owó títì tí gbogbo wa ń gbà. Dísù ẹ̀rọ pẹ̀lú, ẹ bù ú sí i lókè, jìnnà sí omi.

Wíwo omi lójoojúmọ́

Ẹ wá àwo funfun kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 20 sí 30, ẹ so okùn mọ́ àárín rẹ̀ àti òkúta sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ rì í sínú omi títí tí ẹ kò fi ní rí i mọ́, kí ẹ wọn okùn. Ẹ ṣe é lókè ibi iṣẹ́ àti nísàlẹ̀ rẹ̀, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ bí omi yín ṣe rí tẹ́lẹ̀. Òfin tèmi ni pé bí ìwọ̀n ìsàlẹ̀ kò bá tó ìdajì ti òkè, kí ẹ̀rọ dúró títí omi yóò fi tòrò. Ẹ lọ wo ẹja ní ìdájí, nítorí ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ inú omi máa ń kéré jù. Bí epìyà bá ń yọ ẹnu sókè, iṣẹ́ ọjọ́ náà kò sí.

Ẹ ti gbọdọ̀ rán akéde sí àwọn ìlú ìsàlẹ̀ odò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó ń pọnmi àti àwọn tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ mọ ọjọ́ tí omi yóò rú, kí ẹ sì gbé omi tánkà fún wọn bí wọn kò bá ní kànga. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè bóyá ibú kan wà tí a kì í dé tàbí ẹja kan tí a kì í pa níbẹ̀. Ní ti òfin, òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká, tó wà láti 1992, mú àyẹ̀wò náà ní dandan fún kíkó yanrìn odò lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ìlú kì í tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè inú rẹ̀ ni mo ń béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó bá gbẹ

Yanrìn kò ní pẹ́ nílẹ̀, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù yóò wá a wá. Ẹrẹ̀ mímọ́ tó gbẹ ní oṣù mélòó kan lè dára fún ilẹ̀ oko tó ti gbó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sínú garawa méjì, ọ̀kan pẹ̀lú ẹrẹ̀ náà, ọ̀kan pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ oko, kí ẹ wo èyí tó yọ ewé pupa. Garawa kò lè rí mẹ́kúrì o, láàbù nìkan ló lè rí i. Èyí tí láàbù bá ti sọ pé kò dára, kó dúró sójú kan, lórí amọ̀ tí a tẹ̀ le, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ pupa bò ó, kí ẹ gbin koríko sí i, kí ẹ sì ri àmì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ tí ọmọ yín yóò lè kà.

Ẹ má san gbogbo owó agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ jáde. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìdá kan nínú mẹ́wàá yóò dúró títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa, bí oṣù kẹfà, tí ẹ ó jọ rìn yí ògiri kòtò ká láti wo ibi tó bá ya. Lọ́jọ́ náà, ẹ mú ọ̀pá alálà yẹn dání, kí ẹ padà sí ibi tí ẹ sàmì sí, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sójú ìwé kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́.